Ṣé Má Ni àbí Máa?

Odindi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni Eunice fi ń sùn lórí àga ní ìjókòó. Kì í ṣe pé kò ní bẹ́ẹ̀dì. Atẹ̀jíṣẹ́ kan ló lé e kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì, atẹ̀jíṣẹ́ tí kò ju ìlà mẹ́ta lọ.

Opó ni Eunice, ó ń lọ sí ọgọ́ta ọdún, púpurù ló sì ń ṣe ní Igbótako. Yóò rẹ ẹ̀gẹ́ títí yóò fi rọ̀, yóò ṣù ú róbótó, yóò wá tò ó sórí àjà lókè iná títí èéfín yóò fi sọ ẹ̀yìn rẹ̀ di dúdú. Orí ló fi ń ru ẹ̀gẹ́ bọ̀ láti oko, orí náà ló tún fi ń ru púpurù lọ sọ́jà, láti ìgbà tó ti wà ní ọmọge. Orí kò ráhùn rí. Ọrùn ló ráhùn. Lọ́dún méjì sẹ́yìn ló ti bẹ̀rẹ̀, ó kọ́kọ́ dà bí ẹni tó sùn fi ọrùn kọ́, ó wá sọ̀ kalẹ̀ sí èjìká, ó gba apá lọ sínú ìka. Nígbà tó yá, bó bá di ṣíbí mú, kì í mọ̀ bóyá ṣíbí ṣì wà lọ́wọ́ òun.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó jẹ́ orí àgbà ló wọ́ ńkọ́? Gbogbo àdúgbò ló di oníṣègùn. Lucas, àbúrò ọkọ rẹ̀ tó ti kú, tó máa ń to eegun fún àwọn tó ṣubú lórí ọ̀kadà, ní eegun ló yẹ̀, kí òun fi àdín fà á padà. Wòlíì Adéjọbí ní kì í ṣe ọ̀rọ̀ eegun rárá, kó wá dùbúlẹ̀ nílẹ̀ àánú nínú ìjọ òun fún ọjọ́ mẹ́ta. Dora, aládùúgbò rẹ̀ tí wọ́n jọ ń ṣe púpurù, ló fi tipátipá mú un lọ sí ọsibítù ní Òkìtìpupa.

Wọ́n ya fọ́tò ọrùn níbẹ̀. Jùwọ́nlọ́lá ló wò ó fún un, ọmọbìnrin kékeré kan, ọmọ Erínjẹ, dókítà tí kì í gún abẹ́rẹ́, tó jẹ́ pé bí èèyàn ṣe máa lo ara rẹ̀ ló ń kọ́ni. Ó ní àárín eegun ọrùn ti fún, ó sì ń tẹ iṣan. Ó fún un ní kọ́là kan tí wọ́n ń wé mọ́ ọrùn, bí òṣùká tó yọ̀ kúrò lórí.

“Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, Ìyé,” ló wí, bí wọ́n ṣe ń pe ìyá nílẹ̀ Ìkálẹ̀. “Bí ìka yín kò bá sàn nígbà náà, ó lè di pé kí n kọ ìwé fún yín lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ abẹ. Èrò ti pọ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Màá fi ohun tí ẹ óò ṣe ránṣẹ́ sórí fóònù yín.”

Iṣẹ́ abẹ lọ́rùn. Ẹ̀rù bà á. Ohun kan ṣoṣo tí Eunice mọ̀ tí wọ́n ń fi ọ̀bẹ kàn lọ́rùn ni adìyẹ Kérésìmesì, kò sì rí èyí tó padà wá jẹun nínú wọn.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, iṣẹ́ dé:

E ma yi orun yin laaro ati lale.
E ma gbe eru le ori.
E ma bo kola ti e ba fe sun.

Kò sí àmì ohùn kankan lórí rẹ̀. Eunice kà á, ó tún un kà, ó gbé e lọ bá Dora lẹ́nu iná.

“Ṣé ‘má’ ni àbí ‘máa’?”

Dora rò ó wò. “Ìlà kejì ni kó o wò. Ta ni yóò sọ fún aláìsàn pé kó máa gbé ẹrù? ‘Má’ nìyẹn. Ẹnì kan náà ló kọ gbogbo rẹ̀, nítorí náà ‘má’ ni gbogbo wọn. Má yí ọrùn. Má bọ́ kọ́là.”

“Kí ló dé tó wá ní àárọ̀ àti alẹ́? Ṣé ọ̀sán ni kí n máa yí i?”

Dora dá fóònù padà fún un. Ó da igi síná.

Lucas ní tirẹ̀ rẹ́rìn-ín nígbà tó gbọ́. “Ẹ máa yí i! Ṣebí ohun tí mo ti ń wí nìyẹn.” Ó mú àdín dé lọ́jọ́ kejì. Eunice gbà fún un lẹ́ẹ̀kan péré, ọrùn dún gbàù, ọjọ́ méjì ni kò fi lè gbé ife omi. Wòlíì Adéjọbí wo fóònù títí, ó ní ọ̀run ni dókítà kọ, kì í ṣe ọrùn. “Ẹ má yí ọ̀run yín. Ọlọ́run ló gba ẹnu rẹ̀ sọ ọ́, pé kí ẹ má kúrò nínú ìjọ.” Eunice kò ní in lọ́kàn láti lọ síbì kankan tẹ́lẹ̀, àfi ìgbà tó gbọ́ ìyẹn.

Ó pe dókítà lẹ́ẹ̀mejì, ìpè kò wọlé. Ẹ̀ẹ̀kẹta, ojú tì í. Ṣé ìyá bíi tòun ni yóò máa da ọmọ ọlọ́mọ láàmú nítorí ‘má’ kan? Ó bá tẹ̀ lé ti Dora. Láti ọjọ́ náà kò yí ọrùn mọ́. Bí wọ́n bá kí i láti ẹ̀gbẹ́, gbogbo ara ló fi ń yí. Kò bọ́ kọ́là, kò sì lè fi í dùbúlẹ̀, ìyẹn ló sọ ọ́ di ẹni tó ń sùn lórí àga. Ọrùn sì ń le sí i. Ó ń gbọ́ràn, ara ń burú, kò wá mọ èwo ni kó gbàgbọ́, ìgbọràn ni àbí ìrora.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà pé, tó padà sí ọsibítù, Jùwọ́nlọ́lá ní kó wo apá òsì. Eunice fi gbogbo ara yí lórí ìjókòó.

“Rárá, Ìyé. Ọrùn nìkan.”

“Kò lọ mọ́.”

“Ṣé ẹ ń yí i bí mo ṣe wí?”

Eunice yọ fóònù fún un. Ọmọbìnrin náà sì ka ohun tí òun fúnra rẹ̀ kọ jáde: “Ẹ máa yí ọrùn yín láàárọ̀ àti lálẹ́. Ẹ má gbé ẹrù lé orí. Ẹ máa bọ́ kọ́là tí ẹ bá fẹ́ sùn.”

Máa, má, máa. Omi lé sójú Eunice. Inú bí i sí Dora, inú bí i sí ara rẹ̀, inú sì bí i sí àmì tí kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ.

“Ṣé ọ̀bẹ ló kù báyìí?”

Jùwọ́nlọ́lá fa ọwọ́ rẹ̀ mọ́ra. Ó tẹ àwọn ìka náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ní kó di ọwọ́ òun mú. “Kò tíì burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ fún mi ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà mìíràn, Ìyé. Èmi ni mo jẹ̀bi.”

“Má kọ ọ́ fún mi mọ́. Sọ ọ́ sínú fóònù.”

Ó sọ ọ́. Lọ́jọ́ kejì, Eunice jókòó sẹ́nu iná, ó bọ́ kọ́là, ó tẹ ohùn náà: “Ẹ máa yí ọrùn yín sí òsì, díẹ̀díẹ̀. Níbi tó bá ti fẹ́ máa dùn yín, ẹ dúró.”

Ó yí i. Ọrùn dún kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́. Ó dé ibi tó ti fẹ́ máa dùn, ló bá dúró, ló bá di pé ọkàn rẹ̀ tún dàrú. Dúró wo? Ṣé kí n fi í sílẹ̀ ni, àbí kí n dúró síbẹ̀?

Lọ́tẹ̀ yìí kò pe Dora. Ó na ọwọ́ sí fóònù láìgbé ọrùn kúrò níbi tó wà, ó pe dókítà. Ìpè wọlé.

“Dúró tí o wí yìí, ọmọ mi, dúró wo ni?”

Jùwọ́nlọ́lá bi í padà: “Kí ni ẹ ń wò báyìí, Ìyé?”

Eunice wò ó dáadáa. Láti ìgbà òjò, kò tíì rí ibẹ̀ láti orí àpótí rẹ̀.

“Ẹnu ọ̀nà Dora. Ó ń ṣa igi.”

“Ẹ dúró síbẹ̀,” ni ohùn náà wí. “Ẹ jẹ́ ká jọ kà á dé mẹ́wàá.”