Awọ Tó Wà Lókè Tẹlifíṣọ̀n Ìyá Ẹlẹ́kùn

Gbogbo àdúgbò ló ń pe ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ní Ìyá Ẹlẹ́kùn. Àní ní báńkì, bí wọ́n bá fi orúkọ tó wà nínú ìwé pè é, kì í tètè dáhùn. Awọ kan tó ní àmì dúdú dúdú ló fà á, tó gbé kọ́ sára ògiri pálọ̀ rẹ̀, lókè tẹlifíṣọ̀n. Ó ní bàbá bàbá òun, jagunjagun tí ẹnu ò lè ròyìn rẹ̀ tán, ló fi ọwọ́ lásán pa ẹkùn náà. Àlejò kì í mu omi nílé yẹn kó tó gbọ́ ìtàn ọ̀hún tán. Ihò kéékèèké kan wà lára awọ náà tó jọ ibi tí ọta ìbọn gbà wọlé, ṣùgbọ́n Ìyá ní kòkòrò ló jẹ ẹ́. Ẹni tó bá lè bá a jiyàn kó máa bọ̀.

Èmi ni mo ń tọ́jú awọ ẹran àti ìyẹ́ ẹyẹ ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Ọ̀gá wa ní ká to yàrá kan fún àwọn akọni ayé àtijọ́ àti ẹranko igbó tó yí wọn ká. Àwòrán Ògèdèǹgbé dé, ti Ẹfúnṣetán Aníwúrà dé. A rí ìwo ẹfọ̀n, a rí ìyẹ́ àkàlà, a tún rí òòrẹ̀ kan tí wọ́n ti ki òwú sí nínú, tó ń wo gbogbo wa bíi pé a jẹ ẹ́ ní gbèsè. Ẹkùn nìkan ló kù. Èmi tí ẹnu mi kì í gbé jẹ́ẹ́ bá ní ẹkùn wà nílé wa.

Ìyá gbé awọ náà wá fúnra rẹ̀. Ó fi aṣọ ibùsùn wé e, ó gbé e lé ẹsẹ̀ nínú takisí bí ọmọ tuntun. Bó ṣe wọlé báyìí, ojú ògiri ló kọ́kọ́ ń wò.

"Kí ló dé tí férémù Ògèdèǹgbé fi tóbi tó báyìí, tí ti bàbá wa ò sì sí?"

"Ìyá, a ò ní àwòrán bàbá."

"Ẹ gbé férémù òfìfo kọ́. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n á mọ̀ pé òun ni."

Nígbà tó lọ tán, mo tẹ́ awọ náà sórí tábìlì, mo tan iná sí i, mo fi búrọ́ọ̀ṣì gbọn eruku rẹ̀ dànù. Àmì ara ẹkùn máa ń rí bí òrùka, àárín rẹ̀ á mọ́. Ti èyí dúdú kirikiri, ìyókù sì so pọ̀ di ìlà lápá ìdí. Irun dúdú gígùn kan tún tò láti ọrùn dé ẹ̀yìn. Ẹtà ni. Ẹtà tí òórùn rẹ̀ ń ṣíwájú rẹ̀ dé ilé, tó ń jí adìyẹ gbé.

Mo jókòó sórí àga, mi ò mọ ohun tí mo lè ṣe. Bí mo bá kọ ẹkùn sábẹ́ rẹ̀, irọ́ ni mo fẹ́ máa pa fún gbogbo ọmọ ilé ìwé tó bá wá síbẹ̀. Bí mo bá kọ ẹtà, kí ni àdúgbò fẹ́ máa pe Ìyá, lọ́jọ́ ogbó rẹ̀? Mo fẹ́ràn obìnrin yìí ju bí mo ṣe lè sọ lọ.

Lọ́jọ́ Sátidé, mo mú Bùrọ̀dá Lọ́yà, ọmọ rẹ̀, dání lọ bá a, bóyá Ìyá á nílò ẹni tó máa gbá a mú. Ìyá ń lọ aṣọ lọ́wọ́. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀, mo sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé ẹtà ni. Ó gbé ojú sókè sí ògiri ibi tí awọ náà wà tẹ́lẹ̀, níbi tí ọ̀dà ti mọ́ ju tìyókù lọ.

"Awọ máa ń súnkì," ó ní.

"Ìyá, kì í ṣe ọ̀rọ̀ pé ó kéré."

"Bóyá ọmọ ẹkùn ni."

"Ìyẹn gan-an ló máa burú jù, màámi," Bùrọ̀dá Lọ́yà dá sí i. "Ṣé kí wọ́n máa sọ pé bàbá wa lu ọmọ ọwọ́ pa?"

Lẹ́yìn náà ni bùrọ̀dá mi wúkọ́ bó ṣe máa ń wúkọ́ ní kóòtù. "Ẹ jẹ́ ká rò ó dáadáa. Láyé ìgbà yẹn, ẹni tó bá pa ẹkùn, ààfin ló ń gbé e lọ. Ọba ló ni awọ rẹ̀. Bàbá ò wá lè fi awọ ẹkùn sílé. Ẹkùn ti lọ sí ààfin, ẹtà ló ṣẹ́ kù sọ́dọ̀ wa. Ta ló fẹ́ sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀?"

Ó ṣe mí bíi kí n dì mọ́ ọn. Ibi tí mo ti ń ro bí mo ṣe máa kọ ọ́ ni Ìyá ti pa áyọ́ọ̀nù.

"Lọ́yà, jókòó."

"Mo ti jókòó, màámi."

"Jókòó dáadáa." Ó ká aṣọ tó ń lọ, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Nígbà tí bàbá rẹ kú, tí onílé kó ẹrù wa síta nínú òjò, mo dúró sẹ́nu ọ̀nà. Mo ní ọmọ ọmọ apẹkùn lèmi, èmi àti àwọn ọmọ mi ò kúrò níbì kankan. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi kó ẹrù náà wọlé padà. Nígbà tí wọ́n fẹ́ là mí níkùn, dókítà bi mí bóyá ẹ̀rù ń bà mí. Mo ní ẹ̀rù kì í ba ọmọ apẹkùn. Gbogbo ìgbà yẹn, mo rò pé bàbá apẹkùn ló dúró tì mí."

"Òun náà ni, màámi," Bùrọ̀dá Lọ́yà sọ ọ́ jẹ́jẹ́.

"Bàbá tó yìnbọn fún ẹtà nítorí adìyẹ?"

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín nínú àwa méjèèjì. Ìyá kọjú sí mi, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀ bíi ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbọ́ ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀.

"Lọ kọ ẹtà síbẹ̀. Kò sí apẹkùn kankan lẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ náà. Èmi ni mo dúró níbẹ̀."