Àìsàn Tí Àwọn Ọ̀rẹ́ Borodin Ń Retí

Nígbà tí ìyá Mìsítúrà kú ní Ìwó, wọ́n ti sin ín kí ọmọ rẹ̀ tó rí ọkọ̀ òfuurufú wọ̀. Láti ìgbà náà ló ti ń gbìyànjú láti kọ orin kan fún píánò. Ó fẹ́ yọ ọ́ láti inú orin aláìlọ́rọ̀ kan tí ìyá rẹ̀ máa ń fi imú kọ bí ó bá pọn ọmọ.

Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì ni, ní ilé ìwòsàn kan ní Camberwell, ní ìlú òyìnbó. Kó tó padà délé ní Peckham, ẹsẹ̀ rẹ̀ á ti wú. Á jókòó sídìí píánò, á tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, oorun á gbé e lọ.

Aunty Agnes ló kọ́ ọ ní píánò. Ìyá àgbà ọmọ Ìjẹ̀bú ni, ó ti ṣe olùkọ́ orin ní Ìbàdàn rí, ilé rẹ̀ kò sì jìnnà sí Peckham Rye. Kò sí ìtàn tó dùn mọ́ ọn bí ìtàn àwọn ará Rọ́ṣíà tó kọ orin láyé àtijọ́.

Lọ́jọ́ kan, Mìsítúrà ṣubú lẹ́nu iṣẹ́. Dókítà ní àárẹ̀ ni, kó lọ sinmi fún ọ̀sẹ̀ méjì. Aunty Agnes wá kí i.

"Inú mi dùn," ni Aunty wí bó ṣe jókòó.

"Háà, Aunty! Pé ara mi ò yá?"

"Gbọ́ ná. Ọkùnrin ará Rọ́ṣíà kan wà tó ń jẹ́ Borodin. Oníṣègùn ni, ó ń kọ́ni ní kẹ́mísìrì, ó tún ń jà kí wọ́n lè máa kọ́ àwọn obìnrin níṣẹ́ ìṣègùn. Kì í ráyè orin àfi tó bá ń ṣàìsàn. Làwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ bá ń retí kí ara ẹ̀ má yá díẹ̀, kó lè jókòó sílé kọ orin."

"Irú ọ̀rẹ́ wo nìyẹn?"

"Àwọn náà ò ráyè jù ú lọ. Cui ń kọ́ àwọn sójà bí wọ́n ṣe ń mọ odi. Mussorgsky, akọ̀wé ìjọba. Rimsky-Korsakov, ọmọ ogun ojú omi. Gbogbo wọn ló ń kọ orin, gbogbo wọn ló sì níṣẹ́ bíi tìẹ."

Mìsítúrà rẹ́rìn-ín díẹ̀. Nígbà tí Aunty lọ, ó jókòó sídìí píánò. Nǹkan kan ò wá. Ó gbé orí lé e, ó sùn lọ, ibẹ̀ sì ni Abdulqoyyum ọkọ rẹ̀ bá a.

"Ìyá Rahmah, ṣé torí kó o lè máa kọ orin ni dókítà ṣe ní kó o sinmi? Please, lọ sùn. Orin ò ní sá lọ."

"Ó ti ń sá fún mi tipẹ́."

Gbogbo ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ló fi sùn. Nígbà tí Aunty tún dé, Mìsítúrà bi í pé, "Borodin yìí, ṣé ó padà kọ tiẹ̀ tán?"

"Ópẹ́rà kan wà, eré tí wọ́n ń fi orin ṣe, tó fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ. Ibi àríyá ló wà, ó ṣubú, ó kú. Rimsky-Korsakov àti ẹlòmíì tó ń kọ orin, Glazunov, ló bá a parí ẹ̀."

"Ta ló máa bá mi parí tèmi?"

"Kì í ṣe èmi." Aunty na ọwọ́ rẹ̀ síwájú, àwọn ìka náà ti le gan-an. "Kí ló tiẹ̀ kù níbẹ̀?"

"Ìparí ẹ̀ ni. Mo fẹ́ kó tóbi, kó yẹ ìyá mi."

"Ìyá ẹ fúnra wọn ńkọ́? Báwo ni wọ́n ṣe máa ń parí ẹ̀?"

Mìsítúrà ronú títí. "Wọn kì í parí ẹ̀. Bí ọmọ bá ti sùn, wọ́n á dákẹ́."

Lọ́jọ́ kejì, ó mú pẹ́ńsùlù, ó fagi lé gbogbo ojú ewé ìparí tó ti ń bá jìjàkadì. Ohun tó ṣẹ́ kù kò gùn rárá. Aunty Agnes ló tẹ̀ ẹ́ fún un lọ́jọ́ Sátidé, ó ṣi ibì kan tẹ̀, ó sì tẹ̀ síwájú. Abdulqoyyum tó ń jáde lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà, kọ́kọ́rọ́ mọ́tò lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ó ti tán?" ló bèèrè nígbà tí ohùn píánò dákẹ́.

"Ó ti tán," ni Mìsítúrà wí, ó sì bú sẹ́kún. Lọ́jọ́ tí wọ́n pè é láti Ìwó, kò ráyè sunkún. Ibi iṣẹ́ ló wà. Ọkọ rẹ̀ gbé kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀, ó wá jókòó tì í.

Nígbà tó di Mọ́ńdè, tí ọ̀sẹ̀ méjì pé, ó wọ bọ́ọ̀sì padà sẹ́nu iṣẹ́ ní Camberwell. Ara rẹ̀ kò tíì yá tán. Ó di ojú títí bọ́ọ̀sì fi dé ilé ìwòsàn.