Hóró Oògùn Kan, Ẹnu Méjì

"Ta ló sọ pé ọkọ mi ò jẹun?"

Aránṣọ ò tiẹ̀ jẹ́ kí dókítà ka ìwé náà tán tó fi já a gbà mọ́ ọn lẹ́nu. Àwọn mẹ́rin ló wà nínú yàrá kékeré tí wọ́n ti ń ṣe ìwádìí oògùn àtọ̀gbẹ nílé ìwòsàn náà: dókítà tó jẹ́ olórí ìwádìí, nọ́ọ̀sì tó ń kọ àkọsílẹ̀, aránṣọ fúnra rẹ̀, àti ọkọ rẹ̀, káfíńtà, tí wọ́n fi báńdéèjì wé lórí. Fáànù ń yí lókè, síbẹ̀ òógùn ti bo dókítà.

"Mà, ẹ fara balẹ̀," dókítà ní. "Ohun tí mo kà ò le. 'Ní àárọ̀ ọjọ́ tí bàbá ṣubú, wọn ò tíì jẹun.' Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kí ẹ̀yin méjèèjì kàn fọwọ́ sí i nísàlẹ̀ níbí."

"Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ kẹ̀? Ó jẹ búrẹ́dì, ó jẹ ẹyin méjì, ó tún ní kí n fi ọ̀kan kún un, mo ní rárá. Ẹ wá fẹ́ kí n fi ọwọ́ ara mi kọ ọ́ pé ebi ló gbé ọkọ mi ṣubú? Ọkọ tèmi? Nínú ilé tí mo wà?"

Káfíńtà wolẹ̀. Ó mọ ìyàwó rẹ̀. Àwọn oníbàárà tó ń sọ pé ẹnu obìnrin yìí mú ju sísọ́ọ̀sì rẹ̀ lọ ò purọ́ mọ́ ọn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bọ́rọ̀ ṣe jẹ́, nítorí ọwọ́ tọkọtaya yìí náà ò mọ́. Àtọ̀gbẹ ń bá àwọn méjèèjì fínra. Oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn ni wọ́n jọ forúkọ sílẹ̀ fún ìwádìí náà, tí wọ́n fún oníkálukú ní ìgò oògùn tirẹ̀. Oògùn tuntun wà nínú àwọn ìgò kan, èyí tí gbogbo èèyàn ti ń lò tipẹ́ wà nínú àwọn yòókù, hóró wọn sì jọra bí ìbejì. Ẹni tó ń lò ó ò mọ èyí tó jẹ́ tirẹ̀, dókítà náà ò mọ̀, kí ẹnikẹ́ni má bàa ṣe ojúsàájú. Lóṣooṣù, nọ́ọ̀sì á gún wọn níka, á wọn ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wọn, á sì ka hóró tó kù nínú ìgò.

Àmọ́ ta ló fẹ́ tan aránṣọ? Kò pé oṣù mẹ́ta tí ṣúgà rẹ̀ já wálẹ̀ láti mẹ́rìnlá sí méje. Ojú rẹ̀ tó ti ń ṣe bàìbàì là, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í ki òwú bọ abẹ́rẹ́ láìpe ẹnikẹ́ni. Ti ọkọ rẹ̀ dúró gbọin-gbọin lórí mọ́kànlá. Kò sẹ́ni tó sọ fún wọn kí wọ́n tó mọ ẹni tí oògùn tuntun bọ́ sí lọ́wọ́.

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti fẹ́ ara wọn, kò sí ohun tó wọ ilé wọn tí wọn kì í pín sí méjì. Bí wọ́n bá fún ọ̀kan ní ọsàn níta, ìdajì rẹ̀ á délé. Bẹ́ẹ̀ ni aránṣọ ṣe mú sísọ́ọ̀sì láàárọ̀ ọjọ́ kan, tó gé hóró tirẹ̀ sí méjì, tó ní, "Bàbá wọn, ẹ la ẹnu." Ọkọ rẹ̀ la ẹnu. Ó ti gbé odindi hóró tirẹ̀ mì tẹ́lẹ̀, kò sì sọ sí ìkankan nínú wọn lọ́kàn pé ó yẹ kó fi ìyẹn sílẹ̀. Bí nọ́ọ̀sì bá ka ohun tó kù nínú ìgò, á pé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi ṣe é, ara káfíńtà ń yá gágá, títí di ọjọ́ tó ń fá pákó lọ́wọ́ tí ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, tí òógùn bò ó, tó sì ṣubú lulẹ̀ tó forí gbá ẹ̀gbẹ́ tábìlì. Nígbà tí wọ́n fi máa gbé e dé ilé ìwòsàn, ṣúgà rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ dé méjì, bẹ́ẹ̀ kò yẹ kó rẹlẹ̀ ju mẹ́rin lọ. Díẹ̀ báyìí ló kù kó kú.

Lọ́jọ́ kejì, aránṣọ jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ fún nọ́ọ̀sì tẹkúntẹkún. Nọ́ọ̀sì sọ fún dókítà. Ìwé tí dókítà wá gbé kalẹ̀ nìyí.

"Mà," dókítà tún bẹ̀rẹ̀, ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, "ọ̀sẹ̀ méjì péré ló kù kí ìwádìí yìí parí. Àwọn tó máa yẹ ìwé wa wò ń bọ̀ lọ́jọ́bọ̀. Bí mo bá kọ ohun tí ẹ ṣe, wọ́n á yọ ẹ̀yin méjèèjì kúrò. Ẹ sì mọ̀ pé àwọn tó bá bá wa parí ẹ̀ nìkan la máa fún ní oògùn tuntun lọ́fẹ̀ẹ́ fún ọdún kan gbáko. Bàbá náà á rí tiwọn gbà. Odindi hóró. Kò ní sí gígé mọ́."

Káfíńtà gbójú sókè. "Ìyá wọn, jọ̀ọ́, fọwọ́ sí i."

"Kí n fọwọ́ sí irọ́, bàbá wọn?"

"Ṣé o ò rántí ẹsẹ̀ àbúrò mi tí àtọ̀gbẹ jẹ ni? Ọmọ ìka ló ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n gé e ní ọrùn ẹsẹ̀, wọ́n tún padà wá gé e ní orúnkún. Ẹsẹ̀ yìí ni mo fi ń dúró ṣiṣẹ́. Ọdún kan, ìyá wọn! Ta ló tún máa fún wa?"

Ọ̀rọ̀ náà wọ aránṣọ lára. Ó wo ẹsẹ̀ ọkọ rẹ̀ nínú sálúbàtà, ó wo pẹ́ẹ̀nì tí dókítà nà sí i. Kì í ṣe pé òun náà ò fẹ́ oògùn ọ̀hún o. Ta ló fẹ́ padà sídìí kó máa bẹ ọmọ ilé kejì pé kó wá bá òun ki òwú bọ abẹ́rẹ́? Ó gba pẹ́ẹ̀nì. Dókítà mí kanlẹ̀.

"Dókítà, ẹ jẹ́ n bi yín ní nǹkan kan," ó ní. "Tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í ta oògùn yìí níta, ṣé àwọn èèyàn á da èyí tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀ nù?"

"A máa sọ bí wọ́n á ṣe lò ó fún wọn."

"Ìyẹn kọ́ ni mo bi yín. Ta lẹ mọ̀ tó máa ń da oògùn nù? Ṣé màmá tiyín máa ń dà á nù?"

Ẹ̀rín fẹ́ pa nọ́ọ̀sì, ó yára fi fáìlì bojú.

"Wọ́n á fi tuntun lé ti tẹ́lẹ̀, bí àwa náà ṣe fi lé e. Wọ́n á ṣubú. Ẹni tó bá wá ṣí ìwé yín wò, á rí i pé ẹnì kan ṣubú rí lóòótọ́, àmọ́ kò jẹun ni. Gbogbo wọn á wá máa jẹun yó dáadáa, wọ́n á sì máa ṣubú!" Ó ju pẹ́ẹ̀nì sórí tábìlì. "Mi ò fọwọ́ sí i."

Inú bí dókítà. "Ẹ̀yin lẹ da nǹkan rú, ẹ tún wá fẹ́ ba iṣẹ́ ọdún méjì jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́!"

"Mo jẹ̀bi! Ta ló ní mi ò jẹ̀bi? Ẹ kọ ọ́ pé mo jẹ̀bi, ẹ kọ ọ́ gàdàgbà. Èmi tí mo gé oògùn ò sá, ẹ̀yin tí ẹ ò gé nǹkan kan lẹ wá ń wá ibi tẹ́ ẹ máa sá pamọ́ sí." Ó yíjú sí nọ́ọ̀sì. "Ọmọ mi, fún mi ní ìwé míì."

"Nọ́ọ̀sì, má dá wọn lóhùn," dókítà ní.

Nọ́ọ̀sì dìde. Ó lọ sídìí kọ́bọ́ọ̀dù, ó fa ìwé tí wọ́n máa ń kọ ìjàǹbá sí yọ. "Ẹ má bínú, sà. Ẹ̀yin náà lẹ kọ́ wa pé ká kọ ohun tó bá ṣẹlẹ̀ bó ṣe ṣẹlẹ̀."

Dókítà mú fóònù rẹ̀, ó jáde, ó sì ti ilẹ̀kùn gbàà.

"Ta ló gé hóró náà, mà?" nọ́ọ̀sì béèrè.

"Èmi ni."

"Fún ọjọ́ mélòó?"

"Ọjọ́ mọ́kànlélógún. Sísọ́ọ̀sì tí mo fi ń gé aṣọ ni mo lò, tó o bá fẹ́ kọ ìyẹn náà sí i."

Bó ṣe fẹ́ fọwọ́ sí i ni ọkọ rẹ̀ fa ìwé náà sọ́dọ̀. Aránṣọ rò pé ó fẹ́ fà á ya ni. Káfíńtà kà á láti òkè délẹ̀, ó ń fi ìka tọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Omi lé ròrò sójú rẹ̀.

"Orúkọ tìẹ nìkan ló wà níbí," ó sọ fún ìyàwó rẹ̀. "Nọ́ọ̀sì, kọ tèmi náà sí i. Òun ló gé e lóòótọ́, àmọ́ èmi ni mo la ẹnu. Kò fi tipátipá fún mi."

Òun ló kọ́kọ́ fọwọ́ sí i. Wọ́n fi ìgò oògùn wọn méjèèjì sílẹ̀ lórí tábìlì, torí wọ́n mọ̀ pé ìwádìí ti parí fún àwọn, wọ́n jáde.

Níta, bẹ́ńṣì gígùn ti kún fún àwọn tó ń dúró kí nọ́ọ̀sì pè wọ́n, oníkálukú gbé ìgò tirẹ̀ lé itan. Dókítà dúró lẹ́bàá fèrèsé, ó ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Nígbà tó rí i pé aránṣọ dúró láàárín wọn, tó ń tún ìborùn rẹ̀ ṣe, ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ òun. "Mà, ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe níbí."

"Ibí gan-an ni. Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ gbọ́ o! Ọkọ mi lẹ ń wò yìí. Èmi ni mo fi oògùn tèmi kún tirẹ̀, díẹ̀ ló kù kí n di opó. Ẹni tó bá ń pín in jẹ nílé, ẹni tó bá ń fi òmíràn kún un, kó wọlé lọ sọ fún nọ́ọ̀sì. Wọ́n lè yọ yín kúrò. Wọ́n ti yọ àwa. Ẹ wò wá, a ò kú!"

Ọkùnrin kan rẹ́rìn-ín, kò sẹ́ni tó bá a rín in. Lẹ́yìn náà ni ìyá àgbàlagbà kan tó jókòó sí ìpẹ̀kun bẹ́ńṣì ṣí báàgì rẹ̀, ó yọ ọ̀rá kékeré kan tó so ní kókó, hóró oògùn kún inú rẹ̀.

"Ìyáàfin," ó rọra béèrè, "èyí tó ṣẹ́ kù lára oògùn àtọ̀gbẹ ẹ̀gbọ́n mi ni mo fi ń kún tèmi. Ṣé ìyẹn náà wà nínú ẹ̀?"

"Ó wà nínú ẹ̀, mà. Ẹ dìde, ẹ jẹ́ n mú yín wọlé."

Ó fà á dìde, káfíńtà sì ṣí ilẹ̀kùn fún wọn.