Ojú Tí Tantí Adèle Fi Ń Ka Orin

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa, mo kí yín. Ọpẹ́ ni fún Ẹni tó jí wa lónìí, tó sì jẹ́ kí á rí i pé ilẹ̀ mọ́. Ìtàn tí mo mú wá kò dùn púpọ̀, ṣùgbọ́n ẹ fi ìfẹ́ gbà á.

Nínú ìjọ Yorùbá wa ní àdúgbò Treichville, nílẹ̀ àjèjì tí wọ́n ti ń sọ Faransé, Tantí Adèle ló ń ka orin. Àwọn ọmọ tí a bí síhìn-ín ń gbọ́ Yorùbá, wọn ò lè kà á. Àwọn àgbà tó lè kà á ti lọ sinmi tán. Nítorí náà, Tantí á ka ìlà kan, ìjọ á kọ ọ́, á tún ka òmíràn. Ohun tó bá kà náà là ń kọ. Ojú kan ṣoṣo ló sì fi ń kà á. Àìsàn ti fọ́ èkejì láti ìgbà èwe.

Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé ọmọ tuntun Sonia, arábìnrin kan nínú ìjọ wa, wá fún ìyàsímímọ́, pásítọ̀ pe orin ọpẹ́. Tantí gbé ìwé súnmọ́ imú, ó kà, a kọ ọ́. Ó tún kà, a tún kọ ọ́. A ti fẹ́ẹ̀ parí ẹsẹ kìíní kí ó tó yé wa pé orin ìsìnkú ni.

Ìyá ọkọ Sonia fa ọmọ mọ́ra. "Ẹ gbà mí o! Ṣé òkú la gbé wá ni?"

"Ẹ má bínú, màmá. Nọ́ńbà ló ṣe bàìbàì lójú mi."

"Ẹ lọ ra awò!"

"Mo ti ní mẹ́ta."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Laurent, ọkọ Tantí, kò rẹ́rìn-ín.

Ó mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú ní àdúgbò Zone 4. Dókítà ní katarákìtì ni, pé nǹkan funfun bí ìkùukùu ti bo inú ẹyinjú.

Laurent bèèrè: "Ṣé oògùn ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ tó ti ń lò tipẹ́ ló fà á?"

"Àwọn kan rí i bẹ́ẹ̀ nínú ìwádìí, àwọn mìíràn ò rí i. Ọjọ́ orí nìkan náà lè fà á. Mi ò lè búra."

"Iṣẹ́ abẹ ńkọ́?"

"A ó ṣe é. Àmọ́ ẹ̀yìn ẹyinjú, ibi tó ń gba àwòrán, náà ti ṣá. Mi ò lè ṣèlérí pé á tún kàwé."

Wọ́n lọ sọ́dọ̀ dókítà ọkàn, ẹni tó yọ ọ́ lọ́wọ́ ikú nígbà tí iṣan ọkàn rẹ̀ dí. Ìyẹn ní: "Ẹ má dá oògùn yìí dúró o. Ṣé ẹ fẹ́ kí ọkàn yẹn tún daṣẹ́ sílẹ̀ ni?"

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, nígbà tí àkókò oògùn tó, Tantí na àtẹ́lẹwọ́ sí Laurent. "Bàbá Jonas, ẹ fún mi, tàbí kí ẹ fi pamọ́. Èyí tí ẹ bá ṣe ni mo gbà."

"Adèle, má dì í rù mí."

"Ta ni kí n wá dì í rù?"

Laurent wólẹ̀ gbàdúrà títí, kò gbọ́ nǹkan kan. Ó dìde, ó fi hóró oògùn náà sí i lọ́wọ́. Tantí gbé e mì.

Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà. Ìmọ́lẹ̀ padà, lẹ́tà ò padà.

Ní ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, Laurent gba ìwé orin, kí ó lè máa kà á sí ìyàwó rẹ̀ létí, kí ìyẹn sì máa pè é fún ìjọ. Ṣùgbọ́n iléèwé Faransé ni bàbá yìí lọ ní Porto-Novo. Àmì orí lẹ́tà dà á rú. Ó kùn, ó tún bẹ̀rẹ̀ látòkè, ó tún kọsẹ̀. Ìjọ dúró títí. Níkẹyìn, pásítọ̀, tí òun náà kò lè ka Yorùbá, dá orin Faransé kan, àwọn ọ̀dọ́ sì gbè é lóhùn gooro. Tantí kò mọ̀ ọ́n. Ó dúró láàárín wa, ẹnu rẹ̀ pa dé.

Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ mi, kí Olúwa má mú wa dé ibi tí a ó ti fi ẹ̀yà ara kan ra òmíràn. Ojú yín á ríran dalẹ́, ọkàn yín á sì máa lù ní àlàáfíà. Àmín.