Etí Tó Ń Bá Ọ̀gá Lọ

Adébíyìí ọkọ mi kò ní etí tirẹ̀. Etí ọ̀gá ló ń lò. Ẹ má rò pé mò ń purọ́ mọ́ ọn. Ó tó ọgbọ̀n ọdún tí mo ti wà nílé rẹ̀, gbogbo ohun tó ń gbọ́ ni èmi náà ń gbọ́ tipátipá, nítorí Ọlọ́run kò dá ìdérí mọ́ etí ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n ní Ìpetumodù, òun ni aṣáájú àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ wéré nínú ààwẹ̀, tí wọ́n ń jí àwọn èèyàn sí sààrì. Ohùn rẹ̀ dùn, kí n má parọ́. Bó bá dé iwájú ilé wa, á fi orin ki bàbá mi, á sì wá ibi há orúkọ èmi Àmínátù sí. Bàbá mi á máa kùn pé ọmọ ta lèyí, èmi á sì máa rẹ́rìn-ín lábẹ́ aṣọ. Ohùn yẹn ni mo fẹ́.

Lẹ́yìn náà ló ríṣẹ́ akọ̀wé. Ọ̀gá rẹ̀ àkọ́kọ́ fẹ́ràn jùjú. Kò pẹ́, kò jìnnà, Adébíyìí ra giramafóònù, ó ń sọ fáyé gbọ́ pé inú ẹ̀jẹ̀ òun ni gìtá wà. Gìtá wo? Ìyá tó bí i, ìkòkò ló ń mọ títí ó fi kú! Ọ̀gá tó tẹ̀ lé e jẹ́ bàbá ìjọ, ọkọ mi tó ń kírun lẹ́ẹ̀marùn-ún lójúmọ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ háìmù nínú balùwẹ̀. Ìgbà tó wá dé ọ́fíìsì ní yunifásítì, tí ó bá ọ̀gá kan pàdé tó kàwé ní Jámánì, ó di ti kílásíkà, orin òyìnbó ayé àtijọ́ tí kò lọ́rọ̀ nínú. A ti kọ́lé sí àdúgbò Mayfair, nítòsí yunifásítì náà, nígbà náà. Á jókòó sí pálọ̀, á di ojú, á máa ju ìka kan sókè sódò bí ẹni ń lé eṣinṣin. Kásẹ́ẹ̀tì kò ní í dé ìdajì tí á fi máa hanrun.

Gbogbo èyí, ẹ̀rín ni mo ń fi rín, àfi ìgbà tó kan ọmọ mi. Khàdíjàh mú ọkùnrin kan wálé, Adébíyìí lé e nítorí pé fújì ló ń kọ nínú ọkọ̀ rẹ̀. "Orin agbèrò!" Bẹ́ẹ̀ ló wí, ọmọ ẹlẹ́nu dídùn tó kọ wéré, ìyá tó bí fújì, káàkiri Ìpetumodù.

Ní ọdún 1994, Khàdíjàh tún mú Abdulsalam wá. Tíṣà ni, ọmọ Ìpetumodù. Ìgbà tí ọmọ mi lọ gbààwẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá mi ló gbọ́ tí Abdulsalam ń kọ wéré, ló bá kó sínú ìfẹ́. Bó ṣe ń ròyìn ohùn rẹ̀ fún mi, mo mọ ojú yẹn, èmi náà ti ní irú ẹ̀ rí. Ọmọ mi ti lé ní ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Mo pinnu pé etí àyálò kò ní í ba èyí jẹ́. Lọ́jọ́ tí Abdulsalam fẹ́ wá rí bàbá, mo fà á sẹ́yìnkùlé.

"Ọmọ mi, bí wọ́n bá bi ẹ́ léèrè irú orin tó o fẹ́ràn, kílásíkà ni kó o sọ. Má dárúkọ wéré rárá."

"Mo gbọ́, mà."

Ìbéèrè yẹn náà ni Adébíyìí fi bẹ̀rẹ̀. "Young man, irú orin wo lo máa ń gbọ́?"

"Classical ni, sà. Láti kékeré ni."

"Ọmọ gidi!" Ojú ọkọ mi là. Ọkàn mi balẹ̀.

Ká ní ó dákẹ́ níbẹ̀ ni. Àmọ́ ìyìn ti gun tíṣà lórí. "Ìlú yìí ti bàjẹ́, sà. Àwọn aláriwo tó máa ń fi wéré da èèyàn láàmú nínú ààwẹ̀ yẹn, ṣe ló yẹ kí ọlọ́pàá máa kó wọn. Àwọn aláìníṣẹ́ lásán ni wọ́n."

"Exactly!" Adébíyìí lu itan. Àwọn akọ-wéré méjì kojú síra wọn, wọ́n ń bú wéré. Díẹ̀ ló kù kí n bú sẹ́rìn-ín.

Khàdíjàh, tó ń gbé mínírà wọlé bọ̀ fún àlejò, rọra gbé tírè ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"Bọ̀dá Abdulsalam, ẹ máa lọ. Orin tí mo torí ẹ̀ fẹ́ràn yín lẹ sẹ́ yẹn, torí pé ẹ jókòó níwájú bàbá mi. Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá jókòó níwájú ẹni tó jù wọ́n lọ, ṣé èmi kọ́ lẹ máa sẹ́?"

"Màmá ló ní kí n sọ bẹ́ẹ̀," ni Abdulsalam wí.

Adébíyìí ń wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan. "Kí ló burú nínú nǹkan tó sọ?"

Èmi ni Khàdíjàh kọjú sí. "Màámi, látìgbà tí mo ti gbọ́njú lẹ ti ń bú bàbá mi nítorí etí wọn. Ẹ wá lọ sọ ẹni tí mo fẹ́ di irú wọn."

Ó wọ yàrá lọ, ó ti ilẹ̀kùn. Mo wo ọkọ mi, mo wo tíṣà, mi ò rí ẹni tí mo lè bú.