Òkúta Tí Mo Kà fún Daw Ohn Yin

Ọwọ́ ìyá yẹn tutù ju òkúta lọ nígbà tó gbá mi lọ́rùn ọwọ́ mú.

"Ìwọ ni wọ́n ní o mọ gbogbo ère inú ihò yìí?"

"Ìyá àgbà," mo ní, "ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án Búdà ló wà níbẹ̀, gbogbo wọn ló sì mọ̀ mí. Tí mo bá wọlé, wọn ì bá dìde kí mi, ẹsẹ̀ tí wọ́n ká jọ ni ò jẹ́."

Ma Pu tó ń ta òdòdó lẹ́nu ihò bú sẹ́rìn-ín. "Ìyá, kò mọ̀wé kà o! Ọ̀jọ̀gbọ́n aláìmọ̀wé lẹ dì mú yẹn!"

"Mo gbọ́," ni ìyá náà wí. Kò fi mí sílẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ni mo fẹ́ fi ìwé ṣe? Òkúta pẹlẹbẹ kan wà lábẹ́ ère kọ̀ọ̀kan. Orúkọ ẹni tó fi ère tọrẹ ló máa ń wà lára ẹ̀, àti àdúrà ẹ̀. Ọdún mẹ́fà ni mo ti ń kà á fún àwọn àlejò, mi ò sì wò ó rí. Mo ti ka orúkọ ọba mẹ́ta, òṣèré méjì, àti ti ajá kan tó di olówó. Kò sẹ́ni tó ká irọ́ mọ́ mi lẹ́nu rí.

Daw Ohn Yin lorúkọ ìyá náà. Bọ́ọ̀sì mẹ́ta ló wọ̀ kó tó dé, ojú ẹ̀ sì ti fọ́. Ọdún mọ́kàndínlógún sẹ́yìn, ọkọ ẹ̀ fi ère kan tọrẹ níbí, ó wá lọ wa òkúta iyebíye lápá àríwá. Àlọ ẹ̀ la rí.

"Mi ò mọ̀ bó wà láàyè, mi ò mọ̀ bó ti kú," ló wí. "Tí mo bá da omi sílẹ̀ fún un, bí a ṣe ń dà á kí oore tí a ṣe lè dé ọ̀dọ̀ òkú, tó sì wà láàyè, ṣé èmi kọ́ ni mo pa á yẹn? Tí mi ò bá dà á, tó sì ti kú, oore ta ló máa dé ọ̀dọ̀ ẹ̀? Lọ ka àdúrà ẹ̀ fún mi, ọmọ mi."

A bọ́ bàtà, a wọlé. Àdán inú ihò yẹn, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn tó ewúrẹ́. Ó dáa, ọmọ ewúrẹ́. Ariwo wọn kì í jẹ́ kéèyàn gbọ́ ara ẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn, wọ́n dákẹ́. Omi tó ń kán látòkè látìgbà tí wọ́n ti bí mi, òun náà ò kán.

Ère tó sún mọ́ ọ̀nà jù ni mo fẹ́ fi tàn án, kí ìrẹsì tí mo fi sílẹ̀ níta má bàa tutù. Àmọ́ ẹsẹ̀ mi ò dúró níbẹ̀. A kọjá ẹ̀. A yà, a tún yà, a dé kọ̀rọ̀ kan tí èmi, èmi tí mo mọ gbogbo ihò yìí, ò dé rí. Ère kékeré kan jókòó síbẹ̀. Ẹ̀kán omi tó di òkúta ti ń bo ojú ẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

"Òun nìyí," ni mo wí.

Ìyá náà fọwọ́ wá ọwọ́ ère. "Àtàǹpàkò òsì ẹ̀ kán nígbà tí a ń gbé e gòkè. Ọkọ mi fi ọ̀dà lẹ̀ ẹ́ pa dà." Ìka ẹ̀ dúró. "Ó wà níbí."

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan lòótọ́ máa bá a. Ẹnì kan ò sọ fún mi pé òótọ́ lè gba ẹnu irọ́ jáde.

"Kà á."

Mo tan tọ́ọ̀ṣì sójú ìyá náà, bí mo ṣe máa ń tàn án sójú àlejò, kí n lè mọ̀ bóyá irọ́ ń wọlé. Àdúrà owó àtọmọ ni mo fẹ́ kà. Mo ya ẹnu, ohùn mi sì rọlẹ̀.

"Èmi U Thaung Shein ni mo fi ère yìí tọrẹ. Kí ẹni tó ni agbòjò pupa má dúró dè mí létí odò mọ́. Òkè ya lù wá, ẹrẹ̀ bò mí. Ó tutù níbí, àmọ́ kò dùn mí."

Ìyá náà kọjú sí mi. "Ṣé mo dárúkọ ẹ̀ fún ẹ?"

"Rárá, ìyá."

"Ṣé mo sọ fún ẹ pé gbogbo ìrọ̀lẹ́ ni mo máa ń mú agbòjò mi lọ sétí odò?"

"Rárá."

Ó yọ ìgò omi nínú àpò, ó ń dà á sílẹ̀ ní ẹ̀kán ẹ̀kán, ó ń pe orúkọ ọkọ ẹ̀. Bó ṣe da ẹ̀kán tó kẹ́yìn, omi tòkè bẹ̀rẹ̀ sí í kán pa dà.

Ìgbà yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tan tọ́ọ̀ṣì sí òkúta abẹ́ ère. Ó dán bí abọ́. Lẹ́tà kan ò sí lára ẹ̀.

"Ọkọ mi ò mọ̀wé," ni Daw Ohn Yin wí. "Èmi náà ò mọ̀wé. A ò kọ nǹkan kan síbẹ̀ rí."

"Kí lẹ wá ní kí n kà, ìyá?"

"Akọ̀wé ì bá sọ fún mi pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀."

Mo fà á lọ́wọ́ jáde. Oòrùn gún mi lójú.

"Ọ̀jọ̀gbọ́n!" Ma Pu ti rí wa. "Orúkọ ọba wo lo kà lónìí?"

Mo ya ẹnu. Mo tún pa á dé, torí mi ò mọ ẹni tó máa gba ẹnu mi dá a lóhùn.