Adájọ́ Tó Kọ́kọ́ Sọ̀rọ̀

"Ẹ tú ọkùnrin náà sílẹ̀ lónìí!"

Báyìí ni adájọ́ tó dàgbà jù ṣe parí ìdájọ́ tó ń kà. Màmá ẹlẹ́wọ̀n fò dìde láàárín kóòtù, ó gbọ́wọ́ méjèèjì sókè. "Olúwa, o ṣeun o! Ọmọ mi ń bọ̀ wálé!"

Ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó jẹ́ lọ́yà wọn, fà á láṣọ. "Ẹ jókòó, màámi."

"Ṣé etí ẹ di ni? Wọ́n ní kí wọ́n tú ẹ̀gbọ́n ẹ sílẹ̀!"

Etí lọ́yà ò di. Ní kóòtù yìí, tó ń ṣọ́ ìwé òfin ilẹ̀, adájọ́ tí èrò rẹ̀ ò bá ti àwọn yòókù mu ni wọ́n máa ń jẹ́ kó kọ́kọ́ ka tirẹ̀. Bí bàbá arúgbó yẹn ṣe la ẹnu báyìí ni lọ́yà ti mọ̀ pé wọ́n ti pàdánù ẹjọ́ náà. Màmá rẹ̀ nìkan ló ń yọ̀. Àwọn aláìláàánú kan lẹ́yìn ń fọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín.

Ìròyìn tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kọ nípa àwọn ọ̀gá ọlọ́pàá ló sọ ọ́ dèrò ẹ̀wọ̀n. Kóòtù àpapọ̀, tí ìjọba wọn àti ti àwọn orílẹ̀-èdè tó múlé tì wọ́n jọ fìwé àdéhùn dá sílẹ̀, ti ní kí wọ́n fi í sílẹ̀. Ọ̀gá ẹ̀wọ̀n fárígá: àfi bí kóòtù ilé bá sọ̀rọ̀.

Kóòtù ilé wá sọ̀rọ̀. Olórí adájọ́ ka ti àwọn tó pọ̀ jù: "Kò sí kóòtù ẹ̀yìn odi tó lè pàṣẹ lé wa lórí." Ó sọ̀rọ̀ òmìnira, ó sọ̀rọ̀ ààlà ilẹ̀. Kò dárúkọ ẹlẹ́wọ̀n lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Wọn ò sọ ohun tá à bá máa pe ẹni tó gbọ́ tọ̀tún-tòsì, tó wá ń tìtorí ìjà àgbà fi ọmọ ọlọ́mọ há mọ́lé.

Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, lọ́yà ìjọba, tí wọ́n jọ kàwé, nawọ́ sí i. "Má bínú, ọ̀rẹ́. Ọ̀rọ̀ iyì orílẹ̀-èdè ni, kì í ṣe ti ẹ̀gbọ́n ẹ."

"Iyì wo? Ta ló fọwọ́ síwèé àdéhùn ọ̀hún, ṣé àǹjọ̀nnú ni? Kúrò níwájú mi!"

Gbogbo èèyàn yíjú wò ó. Kò bìkítà.

Màmá rẹ̀ jókòó sórí bẹ́ńṣì. "Bàbá tó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ yẹn, ṣé irọ́ ló pa ni?"

"Kò parọ́, màámi. Wọ́n pọ̀ jù ú lọ ni."

"Ṣé a ò lè padà sí kóòtù àpapọ̀ yẹn?"

"A lè padà. A sì tún máa jàre."

"Tá a bá tún jàre ńkọ́?"

Láti ọjọ́ tí ẹjọ́ yìí ti bẹ̀rẹ̀, bí wọ́n ṣe máa jàre ni lọ́yà ń rò. Ó sì mọ̀ ọ́n ṣe. Ẹni tó máa ṣílẹ̀kùn ẹ̀wọ̀n ni kò mọ̀.